Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: kí la lè jọ wò nílé tàgbà tọmọdé máa gbádùn?

Ìyá Mọ́yọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé wa, ẹ̀gbọ́n inú wọn ti pé mẹ́tàlá, èyí àárín jẹ́ mẹ́sàn-án, àbíkẹ́yìn jẹ́ márùn-ún, ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa, wọn ò sì gbọ́ Òyìnbó. Tó bá ti dalẹ́ tíná bá wà, ńṣe ni kálukú á gba ibi tiẹ̀ lọ. Dádì wọn á wà nídìí níúùsì àbí bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n á ti kó sórí fóònù, àwọn kékeré á máa wo kàtúùnù kan náà tí wọ́n ti wò láàárọ̀, màmá á ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá òun yí i sí fíìmù Yorùbá, tá a bá sì yí i síbẹ̀ kì í pẹ́ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fúnra wọn, àbí kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì wọlé, màá wá máa sáré wá rìmóòtù kiri. Ohun tí mò ń fẹ́ ò ju ká rí nǹkan kan tí gbogbo wa lè jókòó tì fún wákàtí kan, ká jọ rẹ́rìn-ín, ká jọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Kó má jẹ́ pé àwọn ọmọ ń gbádùn témi ń sùn, kó má sì jẹ́ pé èmi ń gbádùn kí n máa fọwọ́ bò wọ́n lójú. Kí lẹ̀ ń wò nílé yín? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ èyí tó dáa kẹ́ ẹ tó gbé e síwájú ọmọ?

Tíṣà Màṣífà

Ìyá Mọ́yọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Praimárì lèmi ń kọ́, ohun tí mo sì máa ń sọ fáwọn òbí ni pé kí wọ́n má wulẹ̀ máa wá nǹkan tọ́mọdé ń wò. Ẹ wá èyí tẹ́yin fúnra yín á fẹ́ mọ ibi tó máa já sí. Ọmọ kì í pẹ́ mọ̀ pé ẹ kàn jókòó ti òun lásán ni, pé fóònù lẹ̀ ń tẹ̀, tó bá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ òun náà á dìde. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ètò àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Sesame Street ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969 mọ èyí dáadáa, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àwàdà tó jẹ́ pé àgbà nìkan ló máa yé há a láàárín, tí wọ́n sì ń pe àwọn olórin àtàwọn òṣèré táwọn òbí fẹ́ràn wá síbẹ̀, kí màmá tàbí dádì lè jókòó, torí wọ́n gbà pé ọmọ tí òbí ẹ̀ bá bá a wò ó máa ń rí nǹkan kọ́ níbẹ̀ ju èyí tó dá wò ó lọ. Wọ́n ṣe ti Nàìjíríà náà, Sesame Square ni wọ́n pè é. Ọmọlangidi ni wọ́n fi ń ṣe é, Kami wà níbẹ̀, Zobi náà wà níbẹ̀, Zobi yẹn takisí ló ń wà, iṣu sì ni nǹkan tó fẹ́ràn jù láyé yìí, màmá yín á fẹ́ràn ẹ̀.

Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ni Bluey. Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀, ìdílé ajá ni: bàbá, ìyá, ọmọbìnrin méjì. Apá kọ̀ọ̀kan ò ju bí ìṣẹ́jú méje lọ, ìyẹn ni pé tíná bá tiẹ̀ fẹ́ lọ ẹ máa ti rí bíi mélòó kan wò tán. Nǹkan tó mú kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé bàbá àti ìyá inú ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀ táwọn ọmọ ń tàn kiri bá a ṣe ń rí i nínú ọ̀pọ̀ kàtúùnù. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n máa ń bínú díẹ̀, wọ́n á sì tún dìde bá àwọn ọmọ ṣeré. Apá kan wà tó jẹ́ bàlúùnù nìkan ni wọ́n fi ń ṣeré, kò gbọ́dọ̀ balẹ̀, gbogbo ilé á máa sáré tẹ̀ lé e láti pálọ̀ dé ìta, kò sí nǹkan míì tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán kẹ́ ẹ ti ra bàlúùnù sílẹ̀, torí wọ́n máa bèèrè.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó dáa, ọbẹ̀ ni, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó bù fọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi apá kìíní tọ́ ọ wò o, apá kìíní wọ́n máa ń ṣe é dáadáa kó lè fani mọ́ra, ẹ mú ọ̀kan láàárín. Ẹ gbọ́ báwọn ọmọ inú ẹ̀ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, torí ohun tí wọ́n máa fi dá yín lóhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ wo ẹni tó ṣe nǹkan burúkú, ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ bá a wí, àbí ńṣe ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín kọjá. Kẹ́ ẹ sì wo bí àwòrán ṣe ń yí, tó bá jẹ́ pé kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti di nǹkan míì, tí orin ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀, kò sáàyè. Èmi ò kí í gbé irú ẹ̀ wọ kíláàsì mi.

Ọmọ Under G

Ẹ̀yin mọ̀mí wa, ti màmá tí wọn ò gbọ́ Òyìnbó yẹn, Shaun the Sheep ni!!! Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá. Àgùntàn ni gbogbo wọn, ajá kan tó ń ṣe bíi alábòójútó, olóko kan tó máa ń kùn nímú lásán tẹ́nì kankan ò lè gbọ́ nǹkan tó sọ. Ọmọ ọdún márùn-ún á yé, màmá á yé, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, láti 2007, ó sì pọ̀ gan-an lórí YouTube.

Ìyá Ìbejì (Takie)

Àbúrò, Ọlọ́run á bù kún ẹ, òótọ́ lo sọ. Ìyá mi gangan, ti Shaun yìí ni wọ́n fi máa ń pè wá wá sí pálọ̀, “ẹ wá wo àwọn àgùntàn yẹn o, wọ́n tún ti ń bọ̀ o”. Wọ́n máa ń dárúkọ àgùntàn tí wọ́n ti sìn rí nígbà tí wọ́n wà ní abúlé, wọ́n á ní èyí tó sanra jù yẹn bákan náà ló ṣe rí pẹ̀lú tàwọn tó jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, àwọn ìbejì á wá gbàgbé tẹlifíṣọ̀n, ìtàn màmá ni wọ́n á máa gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ìyá mi sin ẹran rí rárá àfi ọjọ́ yẹn.

Mr Bean náà wà níbẹ̀, ti 1990 yẹn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó jẹ́ èèyàn gan-an ni mò ń sọ o, kì í ṣe kàtúùnù ẹ̀. Tom and Jerry, ẹ bá wọn wò ó ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nìkan, torí àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹ̀, nǹkan tí ò yẹ kọ́mọ rí wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sìgá, ìbọn, àti bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn.

Bàbá Ọ̀yọ́ Àgbà

Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọ-ọmọ ló kún ọ̀dọ̀ mi. Mo ka ohun tí Ìyá Mọ́yọ̀ sọ nípa fíìmù Yorùbá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ ẹ má torí ẹ̀ lé gbogbo fíìmù Yorùbá jáde nínú ilé. Ilẹ̀ tiwa níbí ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, WNTV, Ìbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà yẹn ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àdúgbò ló ń wá wò ó lọ́dọ̀ ẹ̀. Tí Bàbá Sàlá bá ti yọ, àtàgbà àtọmọdé ló ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ń lé ọmọ lọ sùn. The Village Headmaster náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ọjà, ọba wà níbẹ̀, olóyè wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀, aláròóbọ̀ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, kálukú rí ara ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ilé lè wò ó ni pé ìlú odindi ló wà nínú ẹ̀, ọmọdé rí ọmọdé, àgbà rí àgbà. Nǹkan tí mo máa ń wò fún nìyẹn títí dòní tí mo bá fẹ́ yan nǹkan fáwọn ọmọ.

Fún èyí tó ti pé ọdún mẹ́tàlá yẹn, fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999. Kì í ṣe fún ọlọ́dún márùn-ún o, wọ́n ń pa èèyàn níbẹ̀, ẹ̀rù á bà á, ẹ jẹ́ kó ti sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ jókòó tì í. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́ níbí, òun ló ṣe Ọ̀pálábà nínú ẹ̀, Yorùbá tí bàbá yẹn ń sọ, ẹ ò lè rí i nínú ìwé kíláàsì kankan. Tí mo bá ń wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ, mo máa ń dá a dúró. Bí Ọ̀pálábà bá ti sọ̀rọ̀ tán màá tẹ̀ ẹ́ dúró, màá bèèrè pé ta ló ń bá wí. Ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n á ní òun kàn ń kọrin ni. Tó bá yá wọ́n á máa sáré dáhùn kí n tó bèèrè, ọ̀kan á ní ọba ni, ọ̀kan á ní rárá, àwọn ìjòyè ni, wọ́n á wá máa jà á láàárín ara wọn pé ta ni ìlù Ṣaworoidẹ yẹn máa pè. Alẹ́ kan ò lè tán an bá a ṣe ń wò ó yẹn, kò sì sóhun tó ń lé wa.

Ìyá Mọ́yọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Bàbá wa, ẹ ṣé gan-an, ẹ máa pẹ́ fún wa. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé mo lè dá a dúró. Ìṣòro mi ni pé bí mo bá sọ pé ká dá nǹkan dúró ká sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n wọn á ní “mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká wò ó jàre”. Kí ni kí n ṣe sí ti ẹ̀gbọ́n yìí gan-an? Òun ni kì í fẹ́ jókòó, ó ní gbogbo nǹkan tá à ń wò, tọmọdé ni.

Ọmọ Under G

Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kóun náà yan. Ilé wa, alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ jẹ́ tẹ̀gbọ́n mi nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ohun tó bá yàn la máa wò, dádì wa ò sì gbọdọ̀ ṣàròyé, òfin ni, wọ́n á jókòó, wọ́n á bèèrè ìbéèrè. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ Avatar: The Last Airbender, kàtúùnù ni o ṣùgbọ́n kì í ṣe tọmọdé, ìtàn kan ṣoṣo ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, apá 61, 2005 sí 2008 ni wọ́n ṣe é. Ọmọ ọdún méjìlá kan ló yẹ kó dá ogun dúró. Ọ̀tá ẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba kan tí bàbá ẹ̀ lé kúrò nílùú, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e kiri, ó ń po tíì fún un, ó ń gbà á nímọ̀ràn, ọmọ ò gbọ́. Dádì wa tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ò ráàyè kàtúùnù, ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn ni wọ́n ń dúró wò, wọ́n á ní “ọmọ yìí, gbọ́ tẹ́ni tó tọ́ ẹ”. Ìgbà tó kan ibi tí ọmọ yẹn ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ wa.

Iwájú náà wà, 2024, Disney pẹ̀lú Kugali tó jẹ́ táwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló jọ ṣe é, Èkó ọjọ́ iwájú ni, apá mẹ́fà péré. Tọlá ọmọ olówó ní Island, Kọ́lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbé mainland, alángbá kan tó jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Èyí dáa fún ọmọ mẹ́sàn-án sókè, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ o, ìjínigbé ló wà nínú ìtàn náà.

Nọ́ọ̀sì Bímpé

Mo fẹ́ fi kún ìyẹn, torí ìjínigbé tó sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tọ́mọ tiwa ń gbọ́ bí ìtàn, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú níúùsì, wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Tẹ́ ẹ bá máa wò ó, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ó máa ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó dé ibi tí wọ́n ti rí ọmọ náà gbà padà, ẹ má pa á sáàárín kẹ́ ẹ ní ó di ọ̀la. Ọmọ tí wọ́n bá pa ìtàn ẹlẹ́rù mọ́ lójú lálẹ́ kì í sùn, tẹ́ ẹ bá rí i tó ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nǹkan tó wò.

Ti ọlọ́dún márùn-ún, ẹ jẹ́ kó kúrú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ́jọ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, tó bá tiẹ̀ kéré sí i ó sàn, ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan kò yẹ kó wò ó rárá. Tiyín ti kúrò níbẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n èmi á ṣì fi sọ́kàn. Ohun tó sì wà nínú ẹ̀ tí mo fẹ́ràn ni pé wákàtí kan yẹn, tẹ́ ẹ bá jọ lò ó, ó tó. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu sọ ohun tí wọ́n wò.

Alhaja Sábó

As-salaamu alaykum gbogbo yín. Nílé tèmi Omar and Hana làwọn kékeré ń wò, àwọn ará Malaysia ló ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò ẹ̀ obìnrin, orin wà nínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí òbí, bí wọ́n ṣe ń ṣe bismillah kí wọ́n tó jẹun. Mo mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ ní Superbook, kàtúùnù ìtàn Bíbélì. Ilé wa nílẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló wà nínú ẹbí kan, táwọn ọmọ àbúrò ọkọ mi bá wá lọ́lidé, a máa ń wo tibí díẹ̀ ká wo tọ̀hún díẹ̀, àwọn ọmọ gan-an ló máa ń rí i pé ìtàn Ànábì Yúsúf àti Jósẹ́fù jọra.

Ìyá Mọ́yọ̀, ti fíìmù Yorùbá, ẹ máa wo lẹ́tà àbí nọ́ńbà tí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, fi sí i níbẹ̀rẹ̀. G ni ti gbogbo èèyàn, PG ni kí òbí wà níbẹ̀, ẹ tún máa rí 12, 15, 18. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ìyẹn nìkan tẹ́rùn o, torí èpè kì í sábà gbé fíìmù lọ sí 18 lójú wọn. Lójú tèmi ó yẹ kó gbé e lọ.

Bàbá Dọlápọ̀ (Ọ̀yọ́)

Ẹ jẹ́ kí bàbá náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ má gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ dádì wọn, ẹ pe àwọn ọmọ wá sídìí ẹ̀! Ọjọ́ 26 oṣù Keje 2025 táwọn Super Falcons gbá fáínà pẹ̀lú Morocco ní Rabat, wọ́n ti gbá góòlù méjì wọ̀ wá, mo ti fẹ́ dìde, ọmọbìnrin mi ló ní “dádì ẹ jókòó”. Kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n dá a padà sí 2-2, àwọn Falcons tún gbá ẹlẹ́kẹta wọlé. Ìyá àgbà tó ń gbé òdìkejì wa pariwo ju gbogbo wa lọ. Láti ọjọ́ yẹn bọ́ọ̀lù ti di tọmọbìnrin náà nílé mi, ó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ offside, mò ń fi ìdérí ìgò ṣàlàyé fún un lórí tábìlì.

Ìkejì, ìdíje ìbéèrè. Who Wants to Be a Millionaire ti Frank Edoho, ó wà lórí YouTube. Gbogbo ilé á dáhùn kí ẹni tó wà lórí àga tó dáhùn. Ìbéèrè tó rọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n, ti àwọn kékeré nìyẹn, tó bá ń le sí i ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó bá kan ti ìtàn Nàìjíríà àtijọ́, ẹ pe màmá, ẹ bá wọn túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ má jẹ́ kí dádì máa gba ìdáhùn mọ́ ọmọ lẹ́nu.

Ẹlẹ́kẹta, ẹranko ìgbẹ́. Ẹ wá apá kan nínú Planet Earth II, 2016, ibi tí ọmọ aláǹgbá inú òkun ti ń yọ nínú iyẹ̀pẹ̀ ní erékùṣù Galápagos, tí ejò tó pọ̀ bí nǹkan míì ń dúró dè é láàárín àpáta. BBC gbé e sórí YouTube, kò gùn. Ẹ̀yin ẹ wò ó kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi bóyá ẹnì kan wà nílé yín tí ò ní kígbe “sá, sá, sá!”. Aláǹgbá yẹn á dúró gbagidi, ejò á máa gun ìrù ẹ̀ kọjá, kò ní mira, àfìgbà tó bá di dandan kó sáré. Ọlọ́dún márùn-ún lè sunkún díẹ̀ torí kì í ṣe gbogbo wọn ló yè, ẹ gbé e lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ rántí pé Old Oyo National Park kò jìnnà sí wa, Ìsokùn níbí lọ́fíìsì wọn wà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí ẹtu àti ẹfọ̀n fúnra wọn lọ́lidé, ibẹ̀ lẹ ti máa bèèrè.

Ìyá Ìbejì (Takie)

Ti gbígbà ìdáhùn mọ́ ọmọ lẹ́nu yẹn, ẹ bá mi sọ ọ́ sókè!

Káyọ̀dé Oníṣẹ́ Dikódà

Ẹ̀yin ìyá wa, ìbéèrè tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi jù ní ṣọ́ọ̀bù nìyí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ ọwọ́. Dikódà yín, GOtv ni o, DStv ni o, StarTimes ni o, ibi tẹ́ ẹ ti lè fi nọ́ńbà àṣírí tì í wà nínú settings, ẹ wá parental control. Ẹ lè ti ṣánẹ̀ẹ̀lì kan pátá. Nọ́ńbà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ẹ yí i padà, torí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Lórí àwọn ṣánẹ̀ẹ̀lì tó ń lo òfin NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, nǹkan àgbàlagbà kò gbọdọ̀ jáde àfi láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí, torí náà tẹ́ ẹ bá ń jọ wò ó, kó má ju aago mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé YouTube ò mọ aago. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ pa autoplay ẹ̀, kò ní máa fa èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀ wá fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wà ní kíṣìnì.

Èyí tó dáa jù fún ilé tí iná àti dátà ò fararọ, ẹ gba nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wò lọ́sẹ̀ yẹn sílẹ̀ lóru nígbà tí dátà bá dínwó díẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti gbà yín láyè láti gbà á sílẹ̀ ni o, kẹ́ ẹ fi wáyà HDMI so fóònù àbí láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà yẹn, ohun tẹ́ ẹ yàn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ìpolówó, tó bá tán ó tán, ọmọ ò ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi òmíì sí i.

Tíṣà Màṣífà

Ẹ wo ohun tí Káyọ̀dé sọ nígbẹ̀yìn yẹn dáadáa o. Pé ó tán. Ìjà tó wà láàárín òbí àtọmọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa á ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n tàn án. Ẹ yan nǹkan tó ní òpin, kẹ́ ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó tàn án: apá méjì la máa wò. Tí apá méjì bá tán ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa lọ tẹ bọ́tìnnì.

Ìyá Mọ́yọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gbogbo yín, mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Shaun la máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé torí màmá, mo sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn pé ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ tiẹ̀, ó ní ṣé òótọ́ ni, ó ti ń wá Avatar kiri báyìí. Dádì wọn ní àwọn á gbìyànjú ìdíje ìbéèrè yẹn. Ó ku nǹkan kan, mo fẹ́ èyí tí wọ́n ń sọ Yorùbá nínú ẹ̀ fún àbíkẹ́yìn, torí Òyìnbó nìkan ló ń sọ láti ìgbà tó ti wọ kíndágátìn, ìyá ọkọ mi ò sì lè bá ọmọ-ọmọ wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, ó ń dùn wọ́n.

Alhaja Sábó

Bino and Fino. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, Adamu Waziri ló dá a sílẹ̀, Àbújá ni wọ́n wà. Bino ọmọkùnrin, Fino ọmọbìnrin, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé, ẹ rí i pé ó bá ilé yín mu. Wọ́n ti sọ ọ́ sí Yorùbá, Ìgbò, àti Hausa, ẹ kàn tẹ orúkọ ẹ̀ pẹ̀lú Yoruba sínú YouTube ó máa yọ. Ẹ fi sí ti Yorùbá, kẹ́ ẹ fi ọmọ jókòó ti màmá, kẹ́ ẹ jẹ́ kí màmá máa tún un sọ lẹ́yìn wọn. Orin kíka nọ́ńbà wà níbẹ̀ náà.

Ìyá Mọ́yọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo ti rí i! Àwọn màmá ti ń bèèrè pé ọmọ ta nìyẹn.